Fáìlì Àjèjì Nínú Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìpàdé wọn ní Gberefu, létí òkun Àgbádárìgì. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn tí kò ráàyè wá.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ atukọ̀ tí ó gbé wa kọjá ọ̀sà láti Àgbádárìgì ní àárọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ń tẹ fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wa ni. Nígbà kan rí, ìwé ńlá tí akọ̀wé ń kọ orúkọ àti owó sí ni gbogbo ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ ní. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ti gbé ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà. Owó tí ẹ fi pamọ́, ẹ̀yáwó tí ẹ gbà, orúkọ àwọn tí ó ṣe onídùúró fún yín, gbogbo rẹ̀ ti di fáìlì. Bí àjèjì bá wọ inú kọ̀ǹpútà yẹn, ilé gbogbo wa ni ó wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú mi rí. Ẹgbẹ́ kan wà tí n kò ní dárúkọ rẹ̀; kì í ṣe ti ìhà ibí yìí. Ní ọjọ́ ìpàdé ọdún wọn, akọ̀wé ki fláàṣì bọ inú kọ̀ǹpútà kí ó lè ka orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè ẹ̀yáwó. Ó ṣí i, kò rí ju àwọn àmì kéékèèké tí ó ní ọfà lára. Orúkọ wọn bá orúkọ àwọn fáìlì rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ ọ̀kan, kọ̀ǹpútà sọ fún un pé ohun tí ó ń wá kò sí níbẹ̀. Ó tẹ èkejì, bákan náà ni. Ariwo ta. Àgbà ẹgbẹ́ kan dìde, ó ní ẹni tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ni ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, pé ta ni kò wá mọ ìdí tí ìwé gbèsè fi parẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin tí ó ti fi ọdún 9 ṣe akọ̀wé láìgba kọ́bọ̀ ti di olè lẹ́nu àwọn ará rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bi akọ̀wé léèrè ibi tí fláàṣì náà ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní òun mú un lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan létí ọjà, láti tẹ ìwé ìpè ìpàdé. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí ó ti pẹ́ tí ó ń jà ní ilé ìtẹ̀wé àti ní kafé wa, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ṣọ́ọ̀tìkọ́ọ̀tì. Kì í pa fáìlì rẹ́. Ńṣe ni ó ń fi aṣọ bo fáìlì gidi, tí ó sì ń gbé ère rẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ ère náà ni yóò jí fáírọ́ọ̀sì náà dìde fúnra rẹ̀, tí yóò sì fò sínú kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí, ó jọ pé àǹtífáírọ́ọ̀sì ti pa fáírọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n kò ṣí aṣọ tí ó fi bo fáìlì kúrò. Mo mú kọ̀ǹpútà tí ó mọ́, mo yẹ fláàṣì náà wò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà mo kọ àṣẹ kan tí ń mú fáìlì tí a fi pamọ́ yọjú:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

E ni lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà náà fún fláàṣì. Ó lè jẹ́ F tàbí G ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ìwé gbèsè náà fi yọjú, ti ẹ̀gbọ́n akọ̀wé pẹ̀lú, kọ́bọ̀ kan kò dín. Akọ̀wé kò sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó. Ní oṣù kejì ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọn kò sì tíì rí irú rẹ̀ títí di òní.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé kì í ṣe owó nìkan ni fáìlì burúkú ń jẹ. Ó ń jẹ orúkọ ènìyàn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín jù. Ẹ̀rù náà ń ṣe jàǹbá, èmi sì ni ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 2002, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rẹ́ mi kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi pé kí n tètè wá fáìlì kan tí ń jẹ́ jdbgmgr.exe, tí ó ní àwòrán béárì kékeré. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé ọjọ́ 14 ni ó fi ń sápamọ́ kí ó tó jà, pé McAfee àti Norton tí í ṣe ọdẹ kọ̀ǹpútà nígbà náà kò lè rí i, pé kí n pa á rẹ́, kí n sì kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Mo wá a, mo sì rí i! Àyà mi já. Orúkọ tí ahọ́n kò lè pè, àwòrán ẹranko, ó jókòó sínú kọ̀ǹpútà mi bí ẹni pé ilé baba rẹ̀ ni. Mo pa á rẹ́. Mo sì kọ̀wé sí gbogbo ọ́fíìsì tí a jọ ń ṣe pọ̀.

Irọ́ ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé iṣẹ́ Microsoft fúnra rẹ̀ ni ó ni fáìlì náà. Àwọn tí ń fi èdè Java kọ ètò kọ̀ǹpútà ni ó wà fún. Ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà Windows ìgbà náà, nítorí náà ẹni tí ó bá wá a yóò rí i, rírí tí ó bá sì rí i ni yóò mú un gba irọ́ náà gbọ́. Ní ọdún tí ó ṣáájú, irú irọ́ kan náà ti jà lórí fáìlì tí ń jẹ́ sulfnbk.exe. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Àwa tí a gba ìmọ̀ràn náà ni a di fáírọ́ọ̀sì, ọwọ́ wa ni ó fi ń pa fáìlì, ẹsẹ̀ wa ni ó fi ń rìn. Oríire mi ni pé ẹ̀ka tí mo gé kì í ṣe èyí tí mo jókòó lé. Ìtìjú àtikọ̀wé padà sí àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyẹn kò tíì tán lára mi. Lónìí, orí WhatsApp ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà wá, òun náà sì ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ara yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jọ̀wọ́ o.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ìṣìnà ṣe jẹ́ méjì: kí ènìyàn ṣí ohun tí ó yẹ kí ó sá fún, tàbí kí ó pa ohun tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ni ó wà tí akọ̀wé kò ní mọ orúkọ wọn láéláé. Àìmọ̀ tèmi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fáìlì. A ní láti bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ̀yin ará Gberefu kúkú mọ bí a ti ń bi àlejò léèrè. Ọkọ̀ ń gbé àwọn tí ó fẹ́ wo Point of No Return wá sí èbúté yín. Ẹ kì í lé wọn padà sínú omi, ẹ kì í sì í kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún wọn. Ẹ ó bèèrè ẹni tí ó rán wọn wá, ẹ ó bèèrè orúkọ wọn, ẹ ó wo ilé tí wọ́n ń gbé. Ohun tí a ó ṣe fún fáìlì náà nìyẹn.

Ta ni ó rán an wá? Ní tèmi, ìbéèrè yìí ni ó wúwo jù lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé Interpol kéde pé a ti mú ènìyàn mẹ́ta ní Èkó. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń kọ ímeèlì ní orúkọ ilé iṣẹ́ gidi, wọ́n ń so ìwé ọjà ríra mọ́ ọn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ àrùn Kòrónà ni, fáìlì tí a so mọ́ ọn sì jẹ́ amí. Interpol sọ pé nǹkan bí 50,000 ẹni tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ni a ti mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn amí náà ń jẹ́ Agent Tesla. Bí ó bá ti wọlé, gbogbo lẹ́tà tí akápò bá tẹ̀ ni yóò máa kọ sílẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àjọ EFCC àti Interpol tún mú ènìyàn mẹ́ta mìíràn lórí amí kan náà. Ilé ẹjọ́ rán ọ̀kan nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n oṣù 12. Ẹ kíyè sí i pé irú fáìlì báyìí kì í gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹnì kan nínú ilé ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un, torí pé ó ń retí oníbàárà.

Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá kọ̀wé pé òun fẹ́ ra àgbọn ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tí ó so fáìlì mọ́ ọn, ẹ ní kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ sínú lẹ́tà gan-an. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ni, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú lẹ́tà náà. “Ṣé ẹ̀yin ni ẹ fi ìwé kan ránṣẹ́ sí wa?” Owó ìpè náà kò tó owó búrẹ́dì.

Kí ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́? Fáìlì ní orúkọ, ó sì ní ìdílé. Ìdílé rẹ̀ ni lẹ́tà mélòó kan tí ó tẹ̀ lé àmì ìdánudúró tí ó kẹ́yìn. Ìdílé pdf, docx, xlsx àti jpg jẹ́ ìwé tàbí àwòrán, a ń kà wọ́n tàbí kí a wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdílé exe, scr, bat, vbs, js àti msi kì í ṣe ìwé. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n, iṣẹ́ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ni olè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òun ń mú lẹ́tà wá, tí ó sì gbé ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́, ó yẹ kí a dá a dúró.

Ìjàngbọ̀n ibẹ̀ ni pé Windows máa ń fi ìdílé fáìlì pamọ́ bí a kò bá sọ fún un pé kí ó fi hàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2000, ímeèlì kan jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines, ó ní òun jẹ́ lẹ́tà ìfẹ́. Orúkọ fáìlì tí ó so mọ́ ọn ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Nítorí pé Windows fi vbs pamọ́, TXT ni àwọn ènìyàn rí, wọ́n sì rò pé lẹ́tà lásán ni. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó bà jẹ́ káàkiri ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 20, síbẹ̀ ọgbọ́n náà kò tíì gbó: lónìí ẹ ó rí “Statement.pdf.exe” tí ó gbé àwòrán pdf wọ̀. Àwòrán ara fáìlì kì í ṣe ẹ̀rí, aṣọ ni. Kí gbogbo akọ̀wé lọ sí ibi tí Windows kọ View sí lójú àpò fáìlì, kí ó wá “File name extensions”, kí ó fi àmì sí i. Nínú Windows 11, abẹ́ Show ni ó wà. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ṣe é.

Ìwé pàápàá lè gbé òṣìṣẹ́ pamọ́ sínú. Bí ìwé Word tàbí Excel kan bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tẹ “Enable Content” kí ẹ tó lè ka òun, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìwé owó kò nílò rẹ̀.

Ilé ta ni ó ń gbé? Fáìlì kan wà tí ń jẹ́ svchost.exe. Ẹni tí ó bá ṣí Task Manager yóò rí i lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n tò tẹ̀ léra bí èèrà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti bi mí bóyá fáírọ́ọ̀sì ni. Rárá, òpó Windows ni. Ilé rẹ̀ ni C:\Windows\System32. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú “Open file location”, yóò fi ilé rẹ̀ hàn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí svchost.exe nínú Downloads tàbí nínú àpò tí a ń pè ní Temp, orúkọ olórúkọ ni ó ń jẹ́. Ẹ tún ka lẹ́tà rẹ̀ dáadáa: scvhost kì í ṣe svchost. Àwọn tí ń ta ayédèrú ọṣẹ àti ìpara lọ́jà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, lẹ́tà kan ni wọ́n ń yí.

Níbi Properties, ẹ lè rí òǹtẹ̀ ẹni tí ó ṣe fáìlì náà, ní abẹ́ Digital Signatures. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbúra. Ọ̀pọ̀ fáìlì Windows gidi ni kò ní fi òǹtẹ̀ hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Stuxnet tí àwọn ènìyàn rí ní ọdún 2010 gbé òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tòótọ́ méjì tí wọ́n jí.

Bí ó bá ṣì rú wa lójú ńkọ́? Ẹ wo ìwé ẹgbẹ́ wa àtijọ́. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ ń tẹ̀ka, ìka rẹ̀ kò sì jọ ti ẹlòmíràn. Fáìlì náà ní ìtẹ̀ka tirẹ̀. Ẹ ṣí ibi tí a ń kọ àṣẹ sí, ẹ kọ certutil -hashfile, kí ẹ fi orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi SHA256 parí rẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni kọ̀ǹpútà yóò kọ fún yín. Ìtẹ̀ka náà nìyẹn. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú fáìlì náà, gbogbo ìtẹ̀ka rẹ̀ ni yóò yí padà. Ẹ gbé ìtẹ̀ka yìí lọ sí VirusTotal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Spain ní ọdún 2004, tí Google sì rà ní ọdún 2012. Yóò sọ fún yín bí wọ́n bá ti rí i rí, àti iye nínú àwọn àǹtífáírọ́ọ̀sì tí ó lé ní 60 tí ó pè é ní burúkú.

Ìkìlọ̀ ńlá kan wà níbí. Ibẹ̀ yóò gbà kí ẹ gbé odidi fáìlì lọ. Ẹ má ṣe gbé ìwé owó ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀ láéláé! Ohun tí a bá kó sí VirusTotal, àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ń sanwó lè wà á jáde kí wọ́n sì kà á. Orúkọ, gbèsè àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò di ti gbogbo ayé, òfin ààbò ìwífún tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2023 sì lè bi ìgbìmọ̀ léèrè rẹ̀. Ìtẹ̀ka nìkan ni kí ẹ mú lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè ti ara ìtẹ̀ka mọ ohun tí ó wà nínú ìwé.

Bí ọgbọ̀n nínú àwọn ọdẹ wọ̀nyí bá ké pé olè ni, olè ni. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ ṣe sùúrù, nítorí ọdẹ ń ṣì í mú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2010, McAfee pe ojúlówó svchost.exe ní fáírọ́ọ̀sì, àwọn kọ̀ǹpútà Windows XP kárí ayé sì ń kú, wọ́n ń jí, wọn kò lè ṣiṣẹ́. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó ké, ìyẹn kò sọ pé fáìlì náà mọ́. Ó lè jẹ́ pé àná ni wọ́n ṣe é. Nígbà náà ẹ padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́: ta ni ó rán an wá?

Àwọn ọmọ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́jà ní ìdáhùn kan ṣoṣo sí gbogbo èyí, wọ́n ní àwọn yóò fọ́máàtì rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a sun ilé kí eku lè jáde. Kí ẹ tó gbà fún wọn, ẹ bèèrè ibi tí ìwé owó wà.

Bí ẹnì kan bá ti ṣí fáìlì burúkú ná, kí ó má ṣe fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí ó gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sọ fún alága, kí ó fi ẹ̀rọ mìíràn yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, kí akápò sì pe báǹkì. Àti pé kí ẹ̀dà ìwé owó wà ní ibòmíràn, nínú fláàṣì tí kì í lọ sí ilé ìtẹ̀wé, tí kì í sì í wà lára kọ̀ǹpútà ju ìgbà tí a bá ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, WannaCry ti fáìlì pa ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ń bèèrè 300 dọ́là lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan; àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba ní láti dá àwọn aláìsàn padà. Káàdì pélébé tí a ń kọ owó yín sí, ẹ má ṣe jù ú nù. Kò sí fáírọ́ọ̀sì tí ó lè wọ inú páálí.

Ti fóònù, n kò ní fi gùn. Ìdílé apk ni òṣìṣẹ́ ti Android. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àjọ NCC kìlọ̀ nípa FluBot, tí ń gba inú àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé nígbà náà bí ẹni pé ẹrù yín dé. Ètò báǹkì tàbí ètò ẹ̀yáwó tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má gbé e sórí fóònù yín.

Mo rí kọ̀ǹpútà méjì lórí tábìlì níwájú níbí. Ẹ ṣí wọn. Fáìlì tí kò bá yé yín, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì tíì pa á rẹ́. Ẹ pè mí, kí a jọ bi í léèrè, kí atukọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pè wá.